Bàbá Kọnfáàmù àti Omi Sùlè

Ọjọ́ tí Ọjà Ọba ní Bìní kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Ògúnwálé Adéṣínà, káún lásán ni ìyàwó rẹ̀ rán an pé kó rà bọ̀. Káún ilá sísè ni o. Ọdún 1993 ni. Ẹlòmíràn ìbá lọ, ìbá ná an, ìbá rà á, ìbá sì ti padà sílé kí ilá tó gbóná. Ṣùgbọ́n Ògúnwálé kì í ṣe ẹlòmíràn. Ó kọ́kọ́ yà sí láàbù ilé-ìwé tó ti ń ṣiṣẹ́, ó mú àtùpà sípíríìtì kékeré kan, ó mú wáyà tín-ín-rín kan àti àfọ́kù gíláàsì aláwọ̀ aró, ó wọ kóòtù funfun rẹ̀, ó wá gba ọ̀nà ọjà lọ.

Èyítọ́pẹ́, obìnrin Ìkìrun tó ń ta káún àti álọ́ọ̀mù, rò pé wolé-wolé ìjọba ló dé. Ó yára fi aṣọ bo ọjà rẹ̀.

"Ẹ kú ọjà o," Ògúnwálé ní. "Kí lẹ pe eléyìí?"

"Káún ni, sà."

"Ta ló sọ fún yín pé káún ni?"

Èyítọ́pẹ́ wò ó láti òkè délẹ̀. "Ẹni tó tà á fún mi ni."

"Ta ló wá sọ fún òun náà?"

Kí obìnrin náà tó rí èsì fọ̀, bàbá ti ṣáná sí àtùpà. Ó fi wáyà tọ káún náà, ó nà án sínú iná. Iná tó ń jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ bá yí padà, ó di àwọ̀ ìyeyè tó pọ́n dáadáa. Ó gbé gíláàsì aláwọ̀ aró sójú, ó tún wò ó, bóyá àwọ̀ mìíràn sá pamọ́ sábẹ́ ìyeyè náà. Ó gbé gíláàsì kúrò. Ó gbé e padà. Àwọn èèyàn ti ń pé jọ, nítorí ẹni tó bá tan iná lọ́sàn-án gangan láàárín ọjà, tó sì ń fi gíláàsì wò ó, kò níí ṣàìrí olùwòran.

"Irọ́ ni wọ́n ń pa fún wa!" ló fi igbe ta. "Pótáàṣì ni ìwé òyìnbó ń pe káún. Wọ́n ní pótásíọ́ọ̀mù ló wà níbẹ̀. Iná pótásíọ́ọ̀mù, àwọ̀ elése-àlùkò ló máa ń ní. Ẹ wo iná yìí! Sódíọ́ọ̀mù lẹ ń tà!"

"Wetin e talk?" obìnrin Ẹ̀dó tó ń ta ẹ̀fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ béèrè.

"E say the káún no be káún," ẹnìkan dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀. Àwọn oníbàárà méjì tó ti fẹ́ sanwó káwọ́ kúrò. Èyítọ́pẹ́ bá dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú ìbàdí. "Bàbá, ẹ gbọ́ o. Ilá tó bá fẹ́ yọ̀ kì í béèrè orúkọ lọ́wọ́ káún. Ẹ rà á, tàbí kẹ́ ẹ pa iná yín kẹ́ ẹ máa lọ."

Ó rà á. Bó sì ṣe ń lọ, ó ń bojú wẹ̀yìn, ó ń wí pé, "Mà á padà wá! Mà á tún un kọnfáàmù!" Orúkọ tí wọ́n fi sọ ọ́ láti ọjọ́ náà nìyẹn, Bàbá Kọnfáàmù, orúkọ náà sì ṣáájú rẹ̀ dé Upper Sakponba níbi tó ń gbé. Nígbà tí Fọláyẹmí, ìyàwó rẹ̀, béèrè káún, ó ti lò ó tán nínú tẹ́sìtúùbù. Ilá tí kò fà ni gbogbo ilé fi jẹ ẹ̀bà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Kì í ṣe tíṣà o. Àwọn èèyàn máa ń ṣe àṣìṣe yẹn, òun náà kì í sì í tètè tún un ṣe fún wọn. Olùtọ́jú láàbù ni, ọmọ Ìdànrè tó wọ Bìní lọ́dún 1991, tí ilé-ìwé gírámà kan lẹ́bàá ọ̀nà Sakponba gbà pé kó máa fọ ìgò, kó máa ka tẹ́sìtúùbù, kó sì máa di iyọ̀ sínú bébà fún àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe pírátíkà kẹ́místírì. Kọ́kọ́rọ́ láàbù wà lọ́rùn rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Fọláyẹmí búra pé ó ń wọ̀ ọ́ wẹ̀.

Iṣẹ́ pírátíkà náà kò ju báyìí lọ: wọ́n á fún ọmọ ní iyọ̀ kan tí kò lórúkọ, wọ́n á ní kó wádìí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ohun tó sì ń mú Ògúnwálé lọ́kàn nìyẹn ju oúnjẹ lọ. Ó máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé, "Iyọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní bàbá, ló sì ní ìyá. Ìdajì ọ̀dọ̀ bàbá ló ti wá, ìdajì ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹ má wojú ọmọ kẹ́ ẹ sọ pé ẹ mọ bàbá rẹ̀. Ẹ bi í!" Bí wọ́n ṣe ń bi í náà nìyẹn: wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á kán nǹkan sí i, wọ́n á máa wò ó. Ọ̀kan á silẹ̀ sísàlẹ̀ tẹ́sìtúùbù bí ògì. Òmíràn á di búlúù tó jinlẹ̀ débi pé àwọn ọmọ á dákẹ́. Òmíràn, bí wọ́n bá fi omi sóòdà gbóná mọ́ ọn, òórùn rẹ̀ á lé gbogbo kíláàsì jáde, Ògúnwálé nìkan ni yóò dúró, omijé á máa bọ́ lójú rẹ̀, inú rẹ̀ á sì máa dùn. "Àmóníà!" ni yóò máa wí. "Ẹ padà wọlé, ẹ wá gbóòórùn òtítọ́!"

Ìlànà mẹ́ta ló ní. Wò ó. Fura sí i. Kọnfáàmù ẹ̀. Ó ní ìfura loògùn àgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fura tí kò kọnfáàmù, olófòófó lásán ni.

Ìlànà náà kò sì mọ sí láàbù. Ní Sọ́ńdè kan, pásítọ̀ wọn wàásù nípa iyọ̀ ayé tí adùn rẹ̀ sọnù títí gbogbo ìjọ fi ń ṣe àmín. Ògúnwálé na ọwọ́ sókè láàárín ìwàásù. Pásítọ̀ rò pé ẹ̀mí ló gbé e.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá wa?"

"Ẹ ṣeun, sà. Iyọ̀ wo ni?"

"Báwo ni iyọ̀ wo?"

"Nítorí òmíràn wà tí adùn rẹ̀ kì í sọnù, sà, ṣùgbọ́n tó bá wọnú yín, ẹ̀yin lẹ máa sọnù."

Fọláyẹmí fi gèlè bojú. Pásítọ̀ ní kí wọ́n dìde kọrin, ó sì jẹ́ ọdún mẹ́rin gbáko kó tó tún wàásù nípa ohunkóhun tó ń yòrò nínú omi.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣoṣo wà láyé tí Ògúnwálé kò dán wò rí. Omi Sùlè ni.

Sùlè ọmọ Ìwó ní ṣọ́ọ̀bù bátìrì ọkọ̀ lójú títì Upper Sakponba, kò jìnnà sílé Ògúnwálé. Omi tí kò ní ìdọ̀tí kankan nínú, èyí tí àwọn oníbátìrì ń bu sínú bátìrì tó gbẹ, ni láàbù náà ń lò láti fi po iyọ̀. Omi ẹ̀rọ kò dára fún un, omi òjò tó gba orí páànù wá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè ni Ògúnwálé ń gbé kẹ́ẹ̀gì lọ bá Sùlè. Wọ́n á ta dráàfù díẹ̀, Sùlè á borí, Ògúnwálé á bínú dìde, á gbé omi, á máa lọ. Ìwé kéwú ni Sùlè mọ̀, kò mọ a-b-d, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ bátìrì tó o ní gbogbo àdúgbò náà.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1997, lẹ́yìn họlidé gígùn, Ògúnwálé ṣí láàbù, ó bá ìgò mọ́kàndínlógún ní ìhòòhò. Orúkọ ti kúrò lára gbogbo wọn. Ẹ̀bi ta ni? Ẹ̀bi rẹ̀ náà ni. Kí wọ́n tó gba họlidé, gọ́ọ̀mù tán, òun tí kì í fẹ́ kí nǹkan dúró bá lọ ro sítáàṣì, oúnjẹ tí àwọn ará ibí ń fi ọbẹ̀ jẹ, ó fi lẹ orúkọ tuntun mọ́ ìgò. Ohun tí èèyàn bá lè jẹ, aáyán náà lè jẹ ẹ́. Oṣù méjì ni àwọn aáyán fi ṣe àríyá lórí pẹpẹ náà, wọ́n jẹ sítáàṣì, wọ́n jẹ bébà, wọ́n jẹ orúkọ.

Ìyáàfin Títíloyè, ọ̀gá ilé-ìwé, kì í pariwo, èyí sì burú ju ariwo lọ. Ó wo pẹpẹ náà títí.

"Ọ̀gbẹ́ni Adéṣínà, ní Fúráìdè yìí ni àwọn aṣàyẹ̀wò ń bọ̀ wá wo láàbù. Tí wọ́n bá rí ìgò tí kò lórúkọ, tàbí tí orúkọ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, wọ́n á gba sẹ́ńtà ìdánwò lọ́wọ́ wa. Ọmọ mẹ́tàlélógójì á máa sọdá odò lọ sí Ikpoba Hill lọ ṣe pírátíkà láàbù ẹlòmíràn. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ máa bọ́ kọ́kọ́rọ́ yẹn fún mi."

Ọwọ́ Ògúnwálé lọ sí ọrùn rẹ̀. "Mà, aáyán ló gbàgbé pé orúkọ kì í ṣe oúnjẹ. Iyọ̀ kì í gbàgbé orúkọ ara rẹ̀. A ó bi wọ́n."

Ìwé àkọsílẹ̀ láàbù ṣì wà, aáyán kò dé inú dúrọ́ọ̀. Gbogbo orúkọ iyọ̀ tó yẹ kó wà lórí pẹpẹ wà nínú rẹ̀. Ohun tó kù ni láti mọ ìgò tó ni orúkọ wo. Ó sáré gbé kẹ́ẹ̀gì lọ bá Sùlè. Sùlè wà lábẹ́ ọkọ̀ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló hàn síta.

"Sùlè, ṣé omi wà?"

"Ó wà lápá òsì. Èyí tí kò so àkísà pupa."

Kẹ́ẹ̀gì méjì ló wà níbẹ̀, kò sì sí àkísà lára ìkankan nínú wọn. Ògúnwálé gbé èyí tó wà lápá òsì, ó ro tirẹ̀ kún, ó dúpẹ́, ó lọ.

Ní Túsìdeè, ó kó ọmọ kíláàsì àṣekágbá mẹ́fà jọ. Ọ̀kan nínú wọn ni Ṣùbòmí, ọmọbìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ mú. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ń sọ Yorùbá sí i nílé, Píjìn ló fi ń dá wọn lóhùn. Wọ́n kọ́kọ́ bi àwọn iyọ̀ náà nípa ìyá wọn. Wọ́n pò wọ́n mọ́ omi, wọ́n fi ásíìdì díẹ̀ sí i, wọ́n kán omi béríọ́ọ̀mù sí i. Èyí tó bá di funfun báláú tí kò sì yòrò, sọ́féètì ni ìyá rẹ̀ nìyẹn.

"Ìgò kìíní?"

"White, sir."

"Ìgò kejì?"

"White."

"Ìgò kẹsàn-án?"

"E still dey white," Ṣùbòmí ní. "Uncle, na so all of them be sulphate?"

"Kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé sọ pé mẹ́rin péré ni sọ́féètì."

"Maybe the book dey lie."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Ògúnwálé lára díẹ̀, nítorí òun ló kọ́ wọn pé ìwé máa ń purọ́ nípa káún. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀sán Wẹ́sìdeè fi pọ́n, ìgò mọ́kàndínlógún, sọ́féètì mọ́kàndínlógún. Kò jẹun. Ó ń rìn láti ojú fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà, ó ń fọwọ́ pa kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀. Lójijì ló dúró. Ó ti mọ̀ ọ́n! Àwọn aáyán ni. Kì í ṣe orúkọ nìkan ni wọ́n bàjẹ́, wọ́n ti yàgbẹ́ sínú iyọ̀, sọ́féètì ló sì wà nínú ìgbẹ́ aáyán.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ̀ ọ́n yóò gbà pé kò ní sọ ọ́ lásán láìkọnfáàmù. Ó fi bébà gbá ìgbẹ́ aáyán jọ láti abẹ́ pẹpẹ, ó pò ó mọ́ omi, ó kán béríọ́ọ̀mù sí i. Funfun báláú! Ó gbé tẹ́sìtúùbù náà lọ́wọ́, ó sáré wọ ọ́fíìsì Ìyáàfin Títíloyè.

"Mà, mo ti mú olè!"

Ìyáàfin Títíloyè fi ìka kan ti tẹ́sìtúùbù náà sẹ́yìn kúrò lórí fáìlì rẹ̀. "Kí leléyìí, Ọ̀gbẹ́ni Adéṣínà?"

"Ìgbẹ́ aáyán ni, mà. Sọ́féètì pátápátá."

"Ọjọ́ méjì ló kù," ni gbogbo èsì tó fún un.

Nígbà tó padà dé láàbù, Ṣùbòmí dúró ti ìgò keje, ó tẹ̀ mọ́ tẹ́sìtúùbù kan, ó ń wò ó bí ẹni tí nǹkan yà lẹ́nu.

"Uncle, why e dey boil? I never put anything o. Na only water."

Ògúnwálé wò ó. Lóòótọ́ ni. Iyọ̀ náà ń hó ṣùùù nínú omi lásán, bí ẹni pé inú ń bí i. Ó mọ iyọ̀ tó ń hó bẹ́ẹ̀. Kábọ́nẹ́ètì ni. Ṣùgbọ́n kábọ́nẹ́ètì kì í hó nínú omi. Inú ásíìdì ló ti ń hó, àwọn sì ti ń yára bu ásíìdì mọ́ ọn láti àná débi pé ẹnikẹ́ni kò fura. Ó wá fa bébà lítímọ́ọ̀sì búlúù kan yọ, èyí tó máa ń pọ́n bó bá ti kan ásíìdì, ó rọra tì í bọ inú kẹ́ẹ̀gì omi.

Bébà náà pọ́n fòò.

Ògúnwálé jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, tòun ti kóòtù funfun rẹ̀. Ásíìdì bátìrì ni. Omi ásíìdì tí wọ́n ń bu sínú bátìrì tuntun ni wọ́n fi ń po gbogbo nǹkan láti àná, sọ́féètì sì kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Kódà bí wọ́n bá fi pò gààrí, gààrí náà á di sọ́féètì.

Ẹlòmíràn ìbá da omi náà nù wẹ́rẹ́, ìbá sì dákẹ́. Ògúnwálé ránṣẹ́ pe ọ̀gá ilé-ìwé, ó sì dúró níwájú òun àti ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

"Ẹ̀bi mi ni," ló wí. "Mo dán iyọ̀ mọ́kàndínlógún wò. Mo dán ìgbẹ́ aáyán wò. N kò dán omi wò."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi dán an wò?" Ìyáàfin Títíloyè béèrè. Ó ya obìnrin náà lẹ́nu gidi.

"Ọ̀rẹ́ mi ló fún mi."

Ògúnwálé gbé kẹ́ẹ̀gì náà, ó gba ṣọ́ọ̀bù Sùlè lọ. Sùlè kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé ó wá gbẹ̀san dráàfù ni. Nígbà tí Ògúnwálé ro ẹjọ́ rẹ̀ tán, ojú Sùlè lọ sára àwọn kẹ́ẹ̀gì náà, ó sì lọ sórí ògiri níbi tí àkísà pupa tó fi ń sàmì sí kẹ́ẹ̀gì ásíìdì ti ń gbẹ. Ó ti tú u láti fi nu girísì lọ́wọ́, ó sì ti fọ̀ ọ́, ó sá a, ó gbàgbé. Apá òsì ẹni tó sùn sábẹ́ ọkọ̀ sì rèé, apá ọ̀tún ẹni tó dúró ni. Bí ẹ̀rù bá sì ti ba Sùlè, ìjà ló máa ń jà.

"Ìwọ! Ìwọ tó o dán káún wò lójú gbogbo ọjà! Ìwọ tó o dán pásítọ̀ yín wò nínú ilé Ọlọ́run! O gbé omi lọ́wọ́ mi, o ò dán an wò?"

"Omi ẹ ni, Sùlè."

Sùlè gba kẹ́ẹ̀gì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fọ kẹ́ẹ̀gì náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ọkọ̀ oníbàárà wà nílẹ̀ láìparí, ó sì lọ sí ibi tó ti ń ra omi náà gan-an. Nígbà tó máa fi dé ilé-ìwé, ó ti gbé kẹ́ẹ̀gì náà lérí, aṣọ rẹ̀ ti tutù dé ìdí. Kò wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà láàbù.

"Dán an wò."

"Sùlè, wọlé jàre."

"Mo ní kó o dán an wò. Tó ò bá dán an wò, n ò ní kọjá ibí."

Ògúnwálé ti bébà lítímọ́ọ̀sì búlúù bọ omi náà lójú gbogbo wọn. Ó fà á jáde. Búlúù ni. Ìgbà yẹn ni Sùlè tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Ẹ wá wo Tọ́sìdeè! Ká ní mo ní agbára ni, ǹ bá dá ọjọ́ náà padà kí gbogbo èèyàn lè rí i. Àwọn iyọ̀ tó ti ya odi fún ọjọ́ méjì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan di àwọ̀ ewé, ó dúró bẹ́ẹ̀ títí, ó wá ń pọ́n bí irin tó dípata. Ọ̀kan yọ òrùka dúdú rúsúrúsú láàárín tẹ́sìtúùbù, Ṣùbòmí sì gbàgbé Píjìn, ó kígbe pé "Yéè!" Wọ́n kán áyódáìdì sí òmíràn, ó di ìyeyè tó ń dán débi pé Sùlè, tí kò mọ ìyá tàbí bàbá iyọ̀ kankan, ní kí wọ́n jọ̀ọ́ tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe fún un lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí aago mẹ́ta fi lù, ìgò méjìdínlógún ti gba orúkọ, gbogbo rẹ̀ sì bá ìwé mu. Ọ̀kan ló ṣẹ́ kù. Iná rẹ̀ jẹ́ ìyeyè, sódíọ́ọ̀mù ni bàbá rẹ̀, kúlóráìdì ni ìyá rẹ̀. Kò sì sí nínú ìwé.

Ògúnwálé yẹ ìwé náà wò síwá-sẹ́yìn.

"Ògún," Sùlè ní, "ṣé kì í ṣe iyọ̀ tó o fi máa ń jẹ àgbàdo sísè nìyẹn?"

Òun ni.

Ní Fúráìdè, olórí àwọn aṣàyẹ̀wò, ọkùnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, na ọwọ́ sí ìgò kan láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Léèdì náítíréètì ló wà lára rẹ̀. Ó dán an wò fúnra rẹ̀, ìyeyè dídán náà sì yọ. Ìyáàfin Títíloyè rọra mí. Ọkùnrin náà wá dé ọ̀dọ̀ ìgò ìparí. Ó ka ohun tó wà lára rẹ̀, ó tún un kà: "Sódíọ́ọ̀mù kúlóráìdì. Fún àgbàdo. A ti kọnfáàmù rẹ̀." Ó bá Ògúnwálé wí kíkankíkan pé èèyàn kì í jẹun ní láàbù, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pàápàá. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ sí ìwé. Kọ́kọ́rọ́ kò kúrò lọ́rùn, ọmọ mẹ́tàlélógójì kò sì sọdá odò.

Láti ìgbà náà, ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko, Sùlè ló ń gbé omi wá fúnra rẹ̀ ní gbogbo Mọ́ńdè. Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Dán an wò." Ògúnwálé yóò dán an wò, yóò kọ ọ́ sára ìgò pé: "Omi. Mo dán an wò. Kò sí sọ́féètì." Ìgbà náà ni Sùlè yóò wọlé. Bí òjò ń rọ̀, bí àárẹ̀ ń ṣe é, kò yí padà. Àwọn tíṣà tuntun rò pé àwọn méjèèjì ń bára wọn jà ni.

Bàbá Kọnfáàmù kò sì sinmi. Nígbà tí Olúwadámiláre, ọmọ báńkì kan, wá fẹ́ Dọ̀tun ọmọ rẹ̀ obìnrin, bàbá gbà á tayọ̀tayọ̀, ó ní ìrísí rẹ̀ dára. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó lọ tò sórí ìlà ní báńkì náà, ó fi fìlà bojú, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ bínú sí ọmọkùnrin náà nídìí káúńtà láti wò ó bóyá yóò hó.

"Daddy, you embarrassed me!" Dọ̀tun ké nígbà tó gbọ́.

"Kò hó," bàbá rẹ̀ dá a lóhùn. "Fẹ́ ẹ."

Ní ọdún 2013 ni àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ọkàn rẹ̀ ni wọ́n ní kò lágbára mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi wà nílé. Láàbù kò béèrè omi lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n bí Mọ́ńdè bá ti pé, Sùlè á dé Upper Sakponba pẹ̀lú ìgò omi kan, á dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. "Dán an wò." Ògúnwálé á na ọwọ́ sí bébà lítímọ́ọ̀sì tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ní Mọ́ńdè kẹfà, kò na ọwọ́.

"Gbé e kalẹ̀ síbẹ̀," ló ní. "Mà á dán an wò tó bá yá. Wọlé wá jókòó tì mí."

Sùlè wò ó, ó rò ó wò, ó wọlé. Wọ́n ta dráàfù. Fún ìgbà àkọ́kọ́, Sùlè jẹ́ kó borí, Ògúnwálé sì fura lójú ẹsẹ̀, ó ní kí wọ́n tún un ta. Ní Tọ́sìdeè ọ̀sẹ̀ yẹn ló kú, ní ìdájí, wọ́ọ́rọ́wọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí Fọláyẹmí ń palẹ̀ yàrá mọ́, ó ránṣẹ́ pe Sùlè pé kó wá kó ìgò rẹ̀. Mẹ́fà ló tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ìwé wà lára gbogbo wọn.

"Ìyá Dọ̀tun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á," Sùlè ní. "Ẹ mọ̀ pé n ò mọ èyí kà."

Fọláyẹmí gbé ìkínní. "Omi. Mo dán an wò. Kò sí sọ́féètì." Ìkejì, bẹ́ẹ̀ náà. Ìkẹta, ìkẹrin, ìkarùn-ún, ọ̀rọ̀ kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ìkọ̀wé náà ń tẹ́ sí i. Ó gbé ìkẹfà. Ó gbé e sún mọ́ ojú.

"Kí ló kọ sí ti ìyẹn?"

"Ó kọ ọ́ pé: 'Omi Sùlè. N kò dán an wò. Omi ẹ̀ ni.'"

Sùlè fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ìbínú ló fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. "Ẹ ò rí i! Ẹ ò rí aláìgbọràn! Lẹ́yìn gbogbo ohun tójú wa rí! Ta ló ní kó gbà mí gbọ́?" Omijé ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá Dọ̀tun, ẹ bá mi wo abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, ẹ mú bébà yẹn wá."

Ẹyọ kan ló kù. Fọláyẹmí mú un fún un. Sùlè, ẹni tó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà wò ó fún ọdún mẹ́rìndínlógún, mọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Ó ṣí ìgò náà, ó rọra ti bébà búlúù náà bọ omi, ó kà dé mẹ́ta bí Ògúnwálé ṣe máa ń kà á, ó fà á jáde. Ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Fọláyẹmí náà sún mọ́ ọn, wọ́n jọ ń wò ó.

Kò pọ́n. Búlúù ni, búlúù ló sì dúró.

"Ó ti kọnfáàmù," Sùlè wí fún ibùsùn òfìfo náà, ó sì jókòó tì í.